Abẹ́rẹ́ Fàúsátù Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Ẹni tí Fàúsátù bá fẹ́ rán aṣọ mọ́ lára, fọ́nrán òwú kan ni yóò kọ́kọ́ fún un pé kó fi eyín mú. Kò sí ẹni tí kì í fún. Ìbáà ṣe ọmọ pásítọ̀, ìbáà ṣe ọmọ àlùfáà, ìbáà ṣe àwọn ọmọge tó wá láti Èkó tí wọ́n ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ló ń la ẹnu. Á ní, "Òkú ni wọ́n ń rán aṣọ mọ́ lára. Alààyè gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń fi ẹnu ṣe, kí ikú tó ń kọjá lọ lè mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń múra dè." Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti wọ aṣọ títí dìgbà tí wọ́n bá já òwú, onítọ̀hún ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, Fàúsátù á tú gbogbo rẹ̀, á tún un bẹ̀rẹ̀.

Èmi Títílọpẹ́, ọmọ Èkìtì ni mí, akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan nítòsí yunifásítì, mi ò sì gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Màdáàmù Fáìlì, tó o bá rẹ́rìn-ín tán, bá mi mú háńgà yẹn wá." Ojú tì mí, mo mú háńgà wá. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń wí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nínú oṣù Kọkànlá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tẹjúmádé máa ń ṣe ìfihàn aṣọ nínú ọgbà ilé ìtura kan létí òkun. Aránṣọ ni òun náà, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, ó ní ilé ìránṣọ ńlá lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn aránṣọ á kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá láti Òjó, láti Badagry, àní láti Kútọnu pàápàá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ga, tó sì mọ̀ ọ́n rìn, á wọ̀ ọ́ gun pèpéle, àwọn tó jókòó níwájú á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fi fóònù yà wọ́n. Ohun tí àwọn ará iwájú ò mọ̀ ni pé aṣọ kì í rìn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, nínú àgọ́ tapólì, àwa bí ogún là ń sáré bí ẹni tí ilé ń jó. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lo ní láti bọ́ aṣọ kan lára mọ́dẹ́lì, kó o wọ òmíràn fún un, kó o pààrọ̀ bàtà, kó o gbọn iyanrìn kúrò létí aṣọ, kó o sì tì í síta. Ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣe tèmi, nítorí pé mo fẹ́ràn aṣọ, àti nítorí pé kò sí ohunkóhun ní ọ́fíìsì wa tó dùn ún wò. Àwọn ará ọ́fíìsì ní orí mi ò pé, pé mo ń gba àyè ọjọ́ mẹ́ta lọ fa síìpù fún ọmọ ọlọ́mọ. Orí tiwọn ni kò pé.

Ọmọ Imeke, nítòsí Badagry, ni Fàúsátù, nínú ìdílé Mùsùlùmí kan tó ní ilẹ̀ níbẹ̀ láti ayébáyé. Ó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Òjó fún ọdún mẹ́rin, ó lọ́kọ, ó bí Múrítàlá, ọkọ rẹ̀ sì kú nígbà tí ọmọ náà wà ní kíláàsì kẹta. Ìdí nìyí tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ìyá Múrí. Múrítàlá ti di géńdé báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Aradagun, yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé, àwọn ìyá ọlọ́mọ á tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa jágbe mọ́ ọn pé ṣòkòtò ọmọ àwọn kúrú, bí ẹni pé òun ló ní kí ọmọ wọn ga. Kò sí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ yúnífọ́ọ̀mù. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ láìbínú.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọ̀gá ni. Ọdún àkọ́kọ́ tí Tẹjúmádé ṣe ìfihàn náà ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun rán etí aṣọ kan tó tú. Ó dé, ó rán an. Ó rí bọ́tìnì kan tó fẹ́ já, ó rán ìyẹn náà. Ó rí apá bùbá kan tí wọ́n rán sódì, ó tú u, ó sì tún un rán kí orin tó parí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Bí nǹkan bá ya, bí síìpù bá bú, ariwo tí gbogbo àgọ́ á pa ni "Abẹ́rẹ́ dà?" Òun á sì dìde láti orí àpótí tó jókòó sí, láìyára, láìfalẹ̀, pẹ̀lú tìmùtìmù kékeré rẹ̀ tó kún fún abẹ́rẹ́. Ó máa ń fi òróró máṣíìnì pa tìmùtìmù náà lára, torí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun kì í pẹ́ mú kí abẹ́rẹ́ dógùn-ún.

Ohun kan ṣoṣo ló wù ú. Nínú oṣù Kejìlá, lẹ́yìn tiwa, ìfihàn aṣọ ńlá kan máa ń wáyé ní Erékùṣù Èkó, Tẹjúmádé a sì máa mú ẹni mẹ́ta dání lọ síbẹ̀ láti inú wa. Ọdún mẹ́jọ ló fi mú àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn yá, tó fi Ìyá Múrí sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni Ìyá Múrí máa ń sọ pé kò burú. Lọ́dọọdún náà ló máa ń bi mí pé, "Títí, ṣé lóòótọ́ ni pé níbẹ̀, aránṣọ ẹ̀yìn ìkélé ní tábìlì tiẹ̀, tí iná sì wà lórí ẹ̀?" Mi ò débẹ̀ rí. Mo máa ń dáhùn pé lóòótọ́ ni.

Ó ku ọdún kan kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kíyè sí ojú rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìfihàn ni. Ó fi itọ́ rẹ́ ẹnu òwú, ó nà án sí ihò abẹ́rẹ́, kò wọlé. Ó tún nà án. Ìgbà márùn-ún, mo kà á. Ó ní òwú náà ò dáa. Lẹ́yìn náà ó ní àgọ́ náà ló ṣókùnkùn. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, oòrùn sì wà níta gbangba. Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi òwú sí i.

Ó ra gíláàsì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri lójú títì, ó ra méjì, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Èmi ni mo fà á dé ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ ojú náà wò títí, ó wá ṣàlàyé fún wa pé àìsàn tí kì í dunni ni, pé láti ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín. Èyí tó ti lọ ò ní padà. Oògùn kíkán ló lè dá èyí tó kù dúró. Ìyá Múrí dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó gba ìwé oògùn, ó sì ní ká yà lọ ra síìpù yúnífọ́ọ̀mù. Ìgbà tí a débi tí wọ́n ti ń ta síìpù ló tó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Títí, má jẹ́ kí Tẹjúmádé gbọ́ o. Tó bá gbọ́, ó parí nìyẹn. Màá kàn di obìnrin tó ń rán ṣòkòtò ọmọdé."

Kí ni ǹ bá sọ? Àánú ẹ̀ ṣe mí. Èmi gan-an ni mo dá ọgbọ́n tó tẹ̀ lé e, ẹ má dá òun nìkan lẹ́bi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tètè dé sí àgọ́ kí àwọn tó kù tó dé, mo fi òwú sí ọgbọ̀n abẹ́rẹ́. Mo to dúdú sí apá ọ̀tún tìmùtìmù, funfun sí apá òsì, àwọn àwọ̀ yòókù sí àárín, kó lè máa fi ọwọ́ mọ èyí tó fẹ́ mú. Ní ti rírán, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ìka òun ti mọ̀nà láti ogún ọdún. Òótọ́ sì ni. Mo dúró tì í ní gbogbo ọ̀sán yẹn, ó rán etí aṣọ, ó rán ọrùn aṣọ, kò sẹ́ni tó fura. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti ṣe ohun rere. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tiwa ò tiẹ̀ lọ jìnnà.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni. Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwọn mọ́dẹ́lì tó ń jẹ́ Sẹ́námì, ọmọ Ègùn láti Apa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò rìn lórí pèpéle rí láyé rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ojú a sì máa tètè tì í. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe, tí wọ́n bá ní kó dúró síbì kan, ibẹ̀ ni wọ́n á padà wá bá a. "Tántì" ló ń pe gbogbo àwa àgbà obìnrin, bí àwọn ará ẹnubodè ṣe máa ń ṣe. Tẹjúmádé rí i, ó ní ọmọ yìí ni yóò wọ aṣọ òun, èyí tó máa kẹ́yìn gbogbo aṣọ. Àrán dúdú ni aṣọ náà, ó fún mọ́ra láti ọrùn dé orókún, síìpù rẹ̀ sì gùn láti ìbàdí dé ẹ̀yìn ọrùn.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kó jáde, síìpù náà bú. Kò bú díẹ̀ o. Gbogbo ẹ̀yìn aṣọ là sílẹ̀ gbayawu.

Tẹjúmádé ké, "Abẹ́rẹ́ dà? Ìyá Múrí, ẹ gbà mí o! Ìṣẹ́jú mẹ́ta!"

Afẹ́fẹ́ òkun ti le ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n ti so gbogbo tapólì mọ́lẹ̀, gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tanná lórí wa. Bí ẹnì kan bá sì ti fi áyọ́ọ̀nù sí iná, gílóòbù náà á di pípọ́n bí ẹyinjú ẹyẹlé. Àrán dúdú, òwú dúdú, iná tó ń kú lọ. Mo wo Ìyá Múrí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ìyá Múrí ti na ọwọ́ sí apá ọ̀tún tìmùtìmù rẹ̀, ó ti mú abẹ́rẹ́.

Ó já òwú kan fún ọmọ náà. "Fi eyín mú u, ọmọ mi. Má sọ̀rọ̀ o, títí n ó fi já a."

Sẹ́námì ní, "É nyọ́n, Tántì," ìyẹn ni pé ó dáa. Ó fi eyín mú òwú.

Èmi dúró níwájú rẹ̀, mo di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú kó lè dúró ṣinṣin. Ìyá Múrí ń fi ọwọ́ òsì fún etí aṣọ méjèèjì pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń rán. Mo ń gbọ́ bí òwú ṣe ń gba inú àrán kọjá, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà tó dé àárín ẹ̀yìn, èjìká ọmọ náà ta kíjí lọ́wọ́ mi. Ó tún ta lẹ́ẹ̀kejì. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo rí i, ojú mi wà lójú rẹ̀, kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín wa. Mo rò pé ìbẹ̀rù pèpéle ni. Mo fa tíṣù yọ, mo fi gbá omi náà lábẹ́ ojú rẹ̀, mo sì sọ fún un pé, "Má sunkún, àtíkè ẹ á bàjẹ́."

Ìyá Múrí dé ọrùn, ó so ó, ó já òwú. Tẹjúmádé ti gbá ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ti tì í gba ẹnu ìkélé jáde. Àyè àtisọ̀rọ̀ ò sí.

Mo yọjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ìkélé. Mo ti rí àwọn tó mọ̀ ọ́n rìn, mi ò rí irú ìrìn yẹn rí. Ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ, kò tẹ̀, kò yí ìdí. Nígbà tó dé òpin pèpéle, kò fi ìbàdí yípo bí àwọn yòókù ti ń ṣe, gbogbo ara rẹ̀ ló fi yípo lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ru omi. Àwọn èèyàn dìde, àtẹ́wọ́ bo ariwo òkun mọ́lẹ̀.

Tẹjúmádé sá wọ inú àgọ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ Ìyá Múrí. "Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni n ó mú lọ sí Èkó nínú oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má bá mi jiyàn, mo ti sọ ọ́." Ó sì tún sá jáde lọ bá àwọn àlejò rẹ̀.

Ìyá Múrí di ọwọ́ mi mú títí ó fi ń dùn mí. Ó wá ní, "Títí, o gbọ́ ọ? O gbọ́ ohun tó wí?" Mo ní mo gbọ́. Inú wa dùn. Mi ò lè purọ́, inú mi dùn ju tiẹ̀ lọ, torí mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ tèmi tó wà níbẹ̀.

Lẹ́sẹ̀ kan náà ni Sẹ́námì wọlé. Kò jókòó. Ó lọ dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ìyá Múrí mú sísọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti ọrùn. Nígbà tó dé àárín, aṣọ ò ṣí. Ó fà á díẹ̀, ọmọ náà mí sínú hàà. Ìyá Múrí fi ọwọ́ pa ibẹ̀, ó gbé ọwọ́ náà wá síwájú ojú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ìka, ó gbóòórùn rẹ̀. Àrán dúdú kì í fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Ìka rẹ̀ ló fi hàn.

Ó rọra pè mí. "Títí, wá wò ó fún mi. Mi ò rí i."

Ọdún kan gbáko ni mo ti mọ̀, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ojú òwú méjì ló gba awọ ara ọmọ náà kọjá, ó so ara rẹ̀ mọ́ aṣọ. Mo fi sísọ́ọ̀sì kékeré já a, mo fa òwú jáde, mo fi òwú tí wọ́n fi ń nu egbò àti sípíríìtì nù ún. Ọmọ náà dúró bí òpó.

Ìyá Múrí bi í pé, "Sẹ́námì, kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀? Ká ní o tu òwú yẹn dà nù, ká ní o ké!"

Ọmọ náà yíjú padà. Ó yà á lẹ́nu pé a ń bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Tántì, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é."

Ìyá Múrí kúnlẹ̀. Níbẹ̀, lórí iyanrìn, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ fún ọmọ tí ó lè bí, ó ń sọ pé kó dárí ji òun. Ọmọ náà ò mọ ohun tí yóò ṣe, òun náà kúnlẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe kojú sí ara wọn nìyẹn, aṣọ ń já bọ́ léjìká ọmọ náà, mo ń wá ìborùn tí n ó fi bò ó.

Lẹ́yìn tí mo ti bo Sẹ́námì, tí mo fún un lómi, mo fa Ìyá Múrí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo sọ ò dáa, àmọ́ mo sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká mú un lọ gba abẹ́rẹ́ ní kílíníìkì, ká sì pa ẹnu mọ́. Ọmọ náà ò bínú. Tí ẹ bá dé Èkó, èmi á wà níbẹ̀, ojú mi á máa wò ó fún yín."

Ó wò mí, àbí kí n sọ pé ó kọjú sí mi. "Ojú ẹ ò sí níbẹ̀ lónìí ni?"

Ó jáde lọ bá Tẹjúmádé.

Mo tẹ̀ lé e. Tẹjúmádé wà láàárín àwọn àlejò pẹ̀lú ìgò ohun mímu lọ́wọ́, ó rò pé ìdúpẹ́ ni Ìyá Múrí bá wá. Ìyá Múrí ní kó jẹ́ kí àwọn wọnú àgọ́. Nígbà tí a wọlé, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Àǹtí Tẹjú, mi ò lè lọ sí Èkó. Mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo ti rán ọmọ yẹn mọ́ aṣọ."

Tẹjúmádé rẹ́rìn-ín. "Ìyá Múrí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ..." Ó ṣí ìborùn, ó wá rí ẹ̀yìn Sẹ́námì. Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó jókòó lórí páálí bàtà, páálí náà sì tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò dìde.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó lé ní ọdún kan."

"Ẹ̀ ń fi bẹ́ẹ̀ rán àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

"Mo ń fi bẹ́ẹ̀ rán wọn."

Aránṣọ ni Tẹjúmádé, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò ríran kì í fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ta ló ń bá yín fi í sí i?"

Ìyá Múrí ò wo ibi tí mo wà rárá. Ó ní, "Èmi náà ni. Mo máa ń tètè jí, mo máa ń jókòó tì í títí á fi wọlé."

Mo ń gbọ́. Èmi tí ẹnu mi mú, èmi tí mo máa ń fún ọ̀gá ọ́fíìsì wa lésì níwájú gbogbo èèyàn, mo dúró síbẹ̀, mo ń ká aṣọ tó ti wà ní kíká. Tẹjúmádé fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé Sẹ́námì lọ sí kílíníìkì. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà sọ fún Ìyá Múrí kó tó wọ ọkọ̀ pé kí ó fi tìmùtìmù abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wa padà sí Aradagun, mo bi í pé kí ló dé tó fi purọ́ nítorí mi. Ó ní, "Ẹnì kan tó jìyà ẹ̀ ti tó." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ọjà ti tú. Ojú tì mí, ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú ọ̀nà. A ti dé ìdajì ọ̀nà kí n tó fa fóònù yọ tí mo pe Tẹjúmádé. Mo ní, "Títílọpẹ́ ni. Èmi ni mo ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún wọn. Mo mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rí omijé ọmọ náà pẹ̀lú, mo fi tíṣù nù ún." Tẹjúmádé ní òun ti gbọ́. Ó pa fóònù. Ìyá Múrí pòṣé, ó ní, "Ọmọ Èkìtì, olórí kunkun."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì lọ sí Apa láti bẹ ìyá Sẹ́námì. Obìnrin náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wa ní àgbọn, ó ní ọmọ òun ò tiẹ̀ ròyìn ohunkóhun ju pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun. Ó ní egbò náà ti ń jinná.

Ọdún ti yípo. Ìyá Múrí ń kán oògùn rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́, èmi ni mò ń bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ti gba ọmọbìnrin kan sí ṣọ́ọ̀bù tó ń lo máṣíìnì, òun ń gé aṣọ, nítorí ó ṣì ń rí ìlà ṣọ́ọ̀kì tó bá nípọn. Kò sẹ́ni tó pe èmi tàbí òun fún ìfihàn ti ọdún yìí. Mo ń sọ fún ara mi pé kò dùn mí. Ó dùn mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lẹ ìwé ìpolówó rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Aradagun, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Múrí ní kí n kà á fún òun. Mo ka ọjọ́, mo ka àkókò, mo ka orúkọ àwọn aránṣọ tó ń bọ̀. Ó bi mí pé àwòrán ta ló wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi láàárín àwa méjèèjì. Mo ní Sẹ́námì ni, nínú àrán dúdú yẹn. Wọ́n yà á láti ẹ̀yìn bó ṣe ń lọ.

"Báwo ló ṣe dúró?"

"Ó nà gbọọrọ. Ó rẹwà."

Ó súnmọ́ ògiri náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Ó fi ìka tọ ẹ̀yìn ọmọ náà láti ọrùn wá sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó dé àárín, ibi tí òwú ti gba awọ ara rẹ̀ kọjá, ìka náà dúró. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ, wọ́n ń wò wá. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kí àwọn mọ́dẹ́lì tuntun wá kọ́ irú ìrìn yìí. Mo ka ìyẹn náà fún un.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri. Ó ní, "Lọ tì ṣọ́ọ̀bù, ká lọ sí Apa."

Mo ní, "Lónìí? Kí la fẹ́ lọ ṣe?"

"Ẹlòmíì ni yóò máa rán wọn lọ́dún yìí. Mo fẹ́ lọ sọ fún ọmọ yẹn pé tó bá dùn ún, kó pariwo."